Ọlọ́pàá tó ń sáré àsápajúdé láìsí pàjáwìrì, ta ló ń bá wọn wí?

Àdùkẹ́_Ìfàkì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè ni mo gbé wá, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, kòròpé la wọ̀ láti Adó, à ń lọ sí ìnáwó ní Ìfàkì. Bí a ṣe wọ Ìwòròkó báyìí, níbi tí àwọn ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, ti máa ń dá títì kọjá, Hilux ọlọ́pàá kan já sí wa lẹ́yìn, sáírìn ń hu. Dírẹ́bà wa ti ń yà fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó yà tán. Ó há ara ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó gbá dígí ọkọ̀ lọ, ẹsẹ̀ iwájú kòròpé sì kó sí gọ́tà. Ìyá kan tó gbé kúlà ọbẹ̀ lé itan, gbogbo ẹ̀ ló dà sí i lára. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọbẹ̀ náà ti tutù. Wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

A rò pé adigunjalè ni wọ́n ń lé. Àfi bí a ṣe dé Ìfàkì tí mo rí Hilux yẹn, nọ́ńbà ẹ̀ kan náà, lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì. Àwọn ọlọ́pàá ń jẹ iyán, ọ̀gá tí wọ́n sìn wá ti wà lójú agbo, wọ́n ń ná an lówó.

Tí èmi bá sáré bẹ́ẹ̀, Road Safety á dá mi dúró. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ńkọ́? Ṣé ìjìyà kankan wà fún un?

Ọmọ_Gáréèjì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìjìyà wo? Àwa tá à ń ná ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, láti 2016 ni wọ́n ti ní ká lọ ra ẹ̀rọ tó ń dín eré kù sínú ọkọ̀ akérò. Owó ara wa la fi rà á. Hilux tí ẹ̀ ń sọ yẹn, ẹ lọ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ẹ máa rí nǹkan kan tó jọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́rẹ́

Àdùkẹ́, ṣé ìyá ọlọ́bẹ̀ yẹn ò farapa ṣá?

Àdùkẹ́_Ìfàkì

Rárá mà, aṣọ ló bàjẹ́. Aṣọ ẹbí ni, tuntun.

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo fi jẹun títí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì, mo sì ti ṣe akọ̀wé ní orderly room rí, torí náà mo lè sọ bó ṣe ń lọ.

Láti kọ́ńsítébù títí dé ìnspẹ́kítọ̀, orderly room ni ilé ẹjọ́ wọn. Wọ́n á kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, wọ́n á bọ́ fìlà àti bẹ́líìtì lára ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, sájẹ́ńtì kan á fi "left, right, left, right" mú un wọlé, yóò sì dúró gbọnrangandan níwájú ọ̀gá tó jókòó ṣèdájọ́. Ẹ má fojú kékeré wo bẹ́líìtì yẹn o. Mo ti rí ọkùnrin tó dojú kọ adigunjalè láìmikàn tí sòkòtò ń gbọ̀n lára ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹlẹ́rìí á rojọ́, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀, ó lè jẹ́ ìkìlọ̀, ó lè jẹ́ iṣẹ́ àfikún, wọ́n lè gé e lówó oṣù, wọ́n lè já a wálẹ̀ ní ipò, wọ́n sì lè lé e dànù. Láti ASP, ìyẹn ipò tó wà lókè ìnspẹ́kítọ̀, lọ sókè, kì í ṣe orderly room mọ́. Ìwé kí-ló-dé ni wọ́n máa kọ sí i, ọ̀rọ̀ náà á sì gòkè títí dé Police Service Commission l'Ábújá, torí pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló fún wọn lágbára láti gba ọlọ́pàá síṣẹ́ àti láti bá wọn wí, àyàfi IG, ọ̀gá àgbà gbogbo ọlọ́pàá, nìkan.

Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tó ṣojú mi, n kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n gbé wá torí eré lásán. Ọkọ̀ ìjọba tó run ló ń gbé wọn wá, tàbí ẹni tó kú. Ohun tí a sì máa ń kọ sórí ìwé ni ìwà àbùkù, tàbí àìkọbi-ara-sí-iṣẹ́, tàbí bíba ohun ìní ìjọba jẹ́. Bí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́ dé 150 tó sì gúnlẹ̀ láyọ̀, ta ló máa pè é lẹ́jọ́? Ọ̀gá tó gbé délé ni?

Ẹ̀ṣọ́_Ojú_Pópó

Mo wà lára àwọn tó ń fi ara wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún Road Safety, ẹ jẹ́ n fi ẹnu kan. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 sọ ọ́ kedere: inú ìlú, 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan ni fún ọkọ̀ ara ẹni àti ọkọ̀ akérò. Ọ̀nà tó ti ìlú kan lọ sí òmíràn, 80. Títì márosẹ̀, 100 fún ọkọ̀ ara ẹni, 90 fún ọkọ̀ akérò. Ẹni tó bá kọjá ẹ̀, owó ìtanràn ẹ̀ jẹ́ ₦3,000, pẹ̀lú àmì 3 lórí ìwé ìwakọ̀ ẹ̀. Àárín ìlú ni Ìwòròkó wà, torí náà 50.

Òfin fi àyè sílẹ̀ fún panápaná, áńbúláǹsì àti ọlọ́pàá nígbà pàjáwìrì. Pàjáwìrì ni mo sọ o, ìnáwó kọ́.

Ọmọ_Gáréèjì

Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ìgbà wo lẹ dá Hilux ọlọ́pàá dúró kẹ́yìn?

Ẹ̀ṣọ́_Ojú_Pópó

Àbúrò, ẹni tó gbé ìbọn lẹ́yìn ọkọ̀ lèmi tó gbé ìwé àti bírò fẹ́ dá dúró? Mi ò ní purọ́ fún ẹ, a máa ń wo ojú ọ̀run ni.

Ọmọ_Gáréèjì

😂😂 Ó tán.

Ọdẹ_Emùré

Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ o. Ìlú Emùré ni mo wà ní Oṣù Kìíní 2024, nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé wa pẹ̀lú olùkọ́ wọn àti dírẹ́bà wọ igbó. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn. Gbogbo Èkìtì ló ń pariwo pé ọlọ́pàá dà, pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Lónìí, ọlọ́pàá ń sáré, ariwo tún ni. Kí la fẹ́ gan-an? Tí dírẹ́bà bá ń ro ti orderly room lórí sítíárìn, ọjọ́ tí wọ́n bá pè é fún nǹkan gidi, 50 ló máa wà dé ibẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀ o, Ọdẹ. Ṣùgbọ́n ìpè kọ́ ni ti Àdùkẹ́. Iyán ni.

Ọdẹ_Emùré

Mo gbọ́. Báwo lẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ṣe máa wá mọ èyí tó jẹ́ ti ìpè àti èyí tó jẹ́ ti iyán? Ìyẹn ni mò ń bi yín.

Kọ́lá_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, ìdáhùn ìbéèrè yẹn wà níbí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kámẹ́rà ojú ọ̀nà ò mọ ọlọ́pàá yàtọ̀. Ó máa ya ọkọ̀ wọn bó ṣe ya tèmi. Ìwé á dé ọ́fíìsì wọn, wọ́n á wo àkọsílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìpè kan wà tí ọkọ̀ yẹn ń jẹ́ ní àkókò yẹn. Tó bá wà, wọ́n á pa ìwé náà rẹ́. Tí kò bá sí, ẹni tó wà á ló máa sanwó láti inú àpò ara ẹ̀, wọ́n á sì fi àmì sí ìwé ìwakọ̀ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀run ni ibí o. Ní December 2003, ọlọ́pàá kan wa ọkọ̀ dé máìlì 159 ní títì M54 lóru. Ìyẹn tó kìlómítà 256 láàárín wákàtí kan! Ó ní òun ń fi ọkọ̀ tuntun dánra wò ni. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ní 2006 wọ́n dá a lẹ́bi pé ó wakọ̀ lọ́nà tó léwu, síbẹ̀ adájọ́ ò fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Ẹ ò rí i pé wọ́n kùn ní Lọ́ńdọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ_Gáréèjì

256?? Ṣé ọkọ̀ ni àbí àjẹ́?

Tọ́mi_Florida

Ẹ kú àárọ̀ o, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ yín. Tiwa níbí ló le jù.

Ní October 2011, ọlọ́pàá obìnrin kan tó ń ṣọ́ títì ìpínlẹ̀ Florida rí ọkọ̀ ọlọ́pàá Míámì kan tó ń sáré máìlì 120, bíi kìlómítà 193. Ó lé e, ó dá a dúró, ó na ìbọn sí i, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sáré tọ̀ lọ: iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ lọ ṣọ́ ní iléèwé kan. Ọlọ́pàá ń sáré lọ síbi owó kékeré, bí ti Ìfàkì.

Ìwé ìròyìn Sun Sentinel wá ronú pé ṣé ẹni yìí nìkan ni. Ọkọ̀ ọlọ́pàá náà máa ń gba ibodè owó kọjá níbí, ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ sì ń kọ aago tó kọjá ní ibodè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba àkọsílẹ̀ yẹn, àwọn oníròyìn fúnra wọn wakọ̀ lọ wọn ọ̀nà láti ibodè kan sí èkejì, wọ́n sì fi aago pín in. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ọlọ́pàá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 ló ti kọjá máìlì 90 láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sí lẹ́nu iṣẹ́, ilé ni wọ́n ń lọ. Wọ́n tún ṣe ìwádìí sẹ́yìn: láti 2004, eré ọlọ́pàá ti fa jàǹbá ọkọ̀ tó lé ní 300 ní Florida, ó pa èèyàn 19. Ọlọ́pàá ẹyọ kan ló ṣẹ̀wọ̀n, ọjọ́ 60 péré.

Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé e jáde ní 2012, ìjìyà wá rọ̀ bí òjò. Wọ́n dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gba ọkọ̀ tí àwọn kan ń gbé lọ sílé lọ́wọ́ wọn. Èyí tó dùn wọ́n jù nìyẹn. Wọ́n lé ọ̀gbẹ́ni 120 yẹn lọ. Ìwé ìròyìn náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2013.

Obìnrin tó mú un ńkọ́? Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó lé ní 80 ló lọ tú ìwé ìwakọ̀ ẹ̀ wò nínú kọ̀ǹpútà ìjọba láìnídìí, wọ́n ń pè é lórí fóònù lóru. Ó bẹ̀rù débi pé kò fẹ́ jáde nílé mọ́. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi Tọ́mi, o ṣeun. Apá ìkẹyìn yẹn ni mo gbà gbọ́ jù, torí mo mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá tó bá fi ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sùn, àwọn yòókù ò ní bá a jẹun mọ́ ní kàntíìnì.

Ẹ̀ṣọ́_Ojú_Pópó

Ti ibodè yẹn dára gan-an, ṣùgbọ́n láti 2004 ni Ọbásanjọ́ ti ní kí wọ́n wó àwọn tollgate ìjọba àpapọ̀. Kí la fẹ́ fi wọn eré wọn ní ọ̀nà Adó sí Ìfàkì?

Kọ́lá_Peckham

Fóònù ńkọ́? Gbogbo èrò kòròpé ló ní kámẹ́rà.

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́rẹ́

Kọ́lá, ìwọ ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Lọ na fóònù sí ọlọ́pàá tó gbé ìbọn ní Ajílósùn, kó o wá sọ bó ṣe rí fún wa. IG kan lọ, IG kan bọ̀, gbogbo wọn ló ń sọ pé kí ọlọ́pàá má tú fóònù ará ìlú wò mọ́, àwọn ti ìgboro ò gbọ́ ni?

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Ẹ ò nílò fóònù tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí àwọn ará ìlú ò mọ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ jáde láì jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sínú diary tó wà ní káńtà: ta ló wà á, ta ló wà nínú ẹ̀, ibo ló ń lọ, aago mélòó ló jáde, aago mélòó ló wọlé. Diary yẹn kò ṣeé fa ojú ìwé ya, nọ́ńbà ló wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Torí náà, bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, orúkọ ti wà nílẹ̀. Ohun tó ń pa ìwé ẹ̀sùn ará ìlú ni pé wọ́n á kọ ojú ewé mẹ́ta nípa ìwà ìkà ọlọ́pàá láti ayé Ológun, wọ́n á gbàgbé láti kọ nọ́ńbà ọkọ̀.

Tí wọ́n bá sì kọ "escort" sí diary, ẹ ti rí ìdáhùn Ọdẹ nìyẹn. Escort kì í ṣe ìpè pàjáwìrì.

Ọdẹ_Emùré

Ó yé mi, Bàbá. Mo fara mọ́ ìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń sìn ńkọ́, òun ò ní jẹ́jọ́?

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Ha. O ti tẹ ibi tó ń dùn mí.

Dírẹ́bà ò dédé sáré. Ìnspẹ́kítọ̀ kan wà tí a jọ wà ní ọ́fíìsì kan, ọwọ́ ẹ̀ balẹ̀ lórí sítíárìn, kì í mutí. Ọ̀gá wọ ọkọ̀ lẹ́yìn, ó ti pẹ́ fún ìpàdé, ó ń sọ fún un láti Ìtawúrẹ́ pé "Ṣé òkú lò ń gbé ni? Tẹ̀ ẹ́!" Ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbókìtì kí wọ́n tó dé Arámọkọ. Ọlọ́run yọ wọ́n, ọkọ̀ ló run. Nígbà tí orderly room jókòó, ẹ mọ ẹni tó wá jẹ́rìí ta kò ó? Ọ̀gá yẹn ni. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún un pé kó máa rọra. Èmi ni mo kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀. Ìnspẹ́kítọ̀ ń wo iwájú, kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọ́n já a wálẹ̀ sí sájẹ́ńtì.

Ẹni tó mú sítíárìn nìkan ni ìyà ń tọ́ wò. Títí wọn á fi máa kọ orúkọ ẹni tó jókòó lẹ́yìn mọ́ ẹ̀sùn náà, ẹ lè máa lé dírẹ́bà dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, eré ò ní dín.

Tọ́mi_Florida

Bàbá, mi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Àgbàlagbà ni dírẹ́bà, ó mọ òfin. Tó bá pa ọmọ EKSU kan, ṣé a máa sọ pé ọ̀gá ló ní kó tẹ̀ ẹ́?

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Rárá, ọmọ mi. Kí wọ́n fi ìyà jẹ àwọn méjèèjì ni mo wí.

Ìyá_Ìbejì_Ìkẹ́rẹ́

Ẹni tí wọ́n sìn lọ sí Ìfàkì yẹn gan-an, ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba ni? Nítorí ní Oṣù Kọkànlá 2025 mo gbọ́ tí Ààrẹ Tinúbú pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ẹni ńlá, kí wọ́n padà síbi iṣẹ́ ọlọ́pàá gidi.

Àdùkẹ́_Ìfàkì

Oníṣòwò ni wọ́n pè é lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mà. Mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ.

Bàbá, nọ́ńbà Hilux yẹn wà lọ́wọ́ mi, NPF ló bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ìpè ìnáwó. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a dé Ìwòròkó. Ta ni mo máa kọ ìwé sí?

Bàbá_Fẹ̀yìntì

O ṣe é bí ọmọ tó gbọ́n. Kọ ọ́ sí Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, olú ilé iṣẹ́ wọn ní ọ̀nà Ìyìn, kí o fún wọn ní ẹ̀dà kan kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i fún ọ kí o mú un padà lọ sílé. Láìsí òǹtẹ̀, o ò kọ nǹkan kan. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn ará ìlú gbọ́dọ̀ wà, torí náà ẹ̀tọ́ rẹ ni, ojúure kọ́. Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Police Service Commission náà.

Ojú ìwé kan ṣoṣo. Ọjọ́, aago, ibi, nọ́ńbà, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó bàjẹ́, orúkọ ẹlẹ́rìí. Má bú ẹnikẹ́ni. Dírẹ́bà kòròpé ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, dígí ọkọ̀ ẹ̀ ló lọ.

Àdùkẹ́_Ìfàkì

Ibẹ̀ ni wàhálà wà, Bàbá. Mo pe dírẹ́bà lálẹ́ àná. Ó ní òun ò ní lọ. Insurance ọkọ̀ ẹ̀ ti parí, ó ní tí òun bá fi ẹsẹ̀ ara òun wọ olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìwé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.

Ọmọ_Gáréèjì

Òótọ́ ló sọ! Láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kejì 2025 ni ọlọ́pàá ti ń dá wa dúró lórí third party. ₦15,000 ni fún ọkọ̀ ara ẹni láti 2023, ti ọkọ̀ akérò lé síi. Èmi náà ò ní lọ.

Ẹ̀ṣọ́_Ojú_Pópó

Kó lọ tún un ṣe. Tó bá ti ní insurance lọ́jọ́ tí Hilux gbá a, wọn ì bá ti máa bá a sọ̀rọ̀ owó dígí báyìí.

Ọmọ_Gáréèjì

Ọ̀gá, third party kì í san dígí ẹni tó rà á, ti ẹni tí ó bá gbá ló ń san. Hilux ló yẹ kó san án. Ẹ̀yin náà ò mọ ohun tí ẹ̀ ń mú wa lé lórí!

Ẹ̀ṣọ́_Ojú_Pópó

O jàre. Bẹ́ẹ̀ ni.

Kọ́lá_Peckham

Èló ni insurance ọkọ̀ ẹ̀ gan-an? Àdùkẹ́, fi nọ́ńbà àkáǹtì dírẹ́bà yẹn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, má kọ ọ́ síbí.

Àdùkẹ́_Ìfàkì

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti sọ fún un, ó ní tí ìwé bá ti pé, òun á wá. Ìyá ọlọ́bẹ̀ náà ní òun ń bọ̀, wọ́n máa gbé aṣọ ẹbí yẹn wá pẹ̀lú, wọn ò tíì fọ̀ ọ́.

Bàbá, Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ lọ. Ṣé ẹ lè bá wa ka ìwé náà kí a tó tẹ̀ ẹ́?

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Mú un wá sílé mi ní Baṣírì ní ọ̀la, kó tó di aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin ni mo máa ń lọ sóko.